Láti Òkè Padre dé òkè Fourvière: ìlú tó ń fi àbẹ́là pàdé òtútù

Padre ni àwọn Àgùdà ń pe àlùfáà wọn. Àwọn padre tó tẹ̀dó sórí òkè tí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Mary wà ní Ìbàdàn ni wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní Òkè Padre títí dòní. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA, tó rán àwọn padre náà wá, Lyon ní ilẹ̀ Faransé ni orírun rẹ̀. Orí òkè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn náà: ní Fourvière, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1856, Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò fojú kan ilẹ̀ wa. Ibà pọ́njú pa á ní Freetown ní ọdún 1859.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ìlú ńlá Yúróòpù ṣe ń jẹ̀gbádùn nínú òtútù, ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá yẹn gan-an ni kó bá Lyon.

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé ohun tó ń fa òtútù náà ni pé oòrùn ń jìnnà sí wọn nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ni ayé ń sún mọ́ oòrùn jù lọ, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 kìlómítà. Ní oṣù Keje, ó ń lọ sí mílíọ̀nù 152. Ayé ló dagun ní nǹkan bíi dígírì 23.4. Bí apá àríwá bá ti fì sẹ́yìn, oòrùn ọ̀sán Lyon kì í ròkè, ìtànṣán rẹ̀ á kàn máa rá pálá lórí ilẹ̀, kò ní lè mú un gbóná. Ojúmọ́ wọn kì í pé wákàtí 9 lóṣù Kejìlá. Tiwa ní Ìbàdàn ju 11 lọ, ọyẹ́ ìbáà mú.

Lójú tèmi, òkùnkùn yẹn le ju òtútù lọ. Kóòtù ṣeé wọ̀, ìbọ̀wọ́ ṣeé rà. Kí ni èèyàn fẹ́ ṣe sí ilẹ̀ tó ṣú ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́?

Ìdáhùn àwọn ará Lyon ti wà láti ọdún 1852, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ère Màríà ka orí ṣọ́ọ̀ṣì Fourvière. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n dá, ṣùgbọ́n odò Saône kún, ó ya wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ère náà. Ará Ìbàdàn tó rántí Ògùnpa ọdún 1980 mọ ohun tí odò lè dà rú. Wọ́n sún un sí ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá. Ọjọ́ pé, òjò tún ṣú. Àfi bí ojú ọ̀run ṣe là nírọ̀lẹ́, tí àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í to àbẹ́là sójú fèrèsé, láti ilé dé ilé. Wọn kò dáwọ́ dúró láti ìgbà náà. Lónìí, ó ti di ọdún ìmọ́lẹ̀ olóru mẹ́rin, tí wọ́n ń fi iná aláràbarà ya àwòrán sára ògiri ilé ńláńlá. Láwọn ọdún kan, èrò ibẹ̀ máa ń tó mílíọ̀nù 2.

Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ọ́, yà sí Lyon àtijọ́. Ẹni tó bá ti gba inú agbo-ilé kan bọ́ sí òmíràn rí, láti Bẹẹrẹ lọ sí Ọjàaba, yóò mọ traboule lójú ẹsẹ̀: ọ̀nà abẹ́ ilé ni, tó ń gba àgbàlá olónílé kọjá sí àdúgbò kejì. Láyé àtijọ́, àwọn ahunṣọ sẹ́dà máa ń gba ibẹ̀ gbé aṣọ wọn kí òjò má pa á. Ní ti oúnjẹ, àwọn ará Lyon fẹ́ràn ṣàkì bíi tiwa. Wọ́n á sè é, wọ́n á yí i ní búrẹ́dì rírún, wọ́n á wá dín in. Jẹ ẹ́ ní gbígbóná.

Lẹ́yìn náà, gbójú sókè sí Fourvière. Lẹ́tà ràgàjì ni wọ́n fi iná kọ sára òkè náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn: Merci Marie, ìyẹn ni pé, Màríà, a dúpẹ́.