Èrè Wọlé, Owó Ìpín Já Wálẹ̀
Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2022, owó ìpín ìdókòwò Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook, já wálẹ̀ ní ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀, iléeṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde èrè tó lé ní bílíọ̀nù 10 dọ́là fún oṣù mẹ́ta. Èrè ọ̀la ni ọjà ń díwọ̀n, kì í ṣe ti àná nìkan.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, owó náà kọjá ibi gíga tó ti dé rí. Ta ló lè dúró dè é? Kì í ṣe ẹni tó fi owó ilé ra ìpín. Mo máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé owó tí a kò nílò láìpẹ́ ni ká fi dókòwò, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tó ṣubú ló ń dìde.