Iṣẹ́ Yunifásítì Àti Ẹ̀kọ́ Ọ̀mọ̀wé: Ohun Tó Yẹ Kí Ìyá Mọ̀ Kó Tó Tú Àpò

Púpọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tó ti kàwé gboyè tó ṣì wà nílé. Bí a bá ti gbọ́ pé yunifásítì ń gba èèyàn, kálukú á máa wá ẹni tó mọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Iṣẹ́ lọ́tọ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ wo FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Alábàtà. Ọjọ́ 1 oṣù January 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀. UNAAB la kọ́kọ́ ń pè é.

Oríṣi iṣẹ́ 2 ló wà ní irú ibẹ̀. Èkíní ni ti olùkọ́. Ọmọ tó bá gba digírì àkọ́kọ́ tó dára gan-an lè wọlé bí olùkọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, àmọ́ á máa kàwé lọ títí á fi gba másítà àti Ph.D. Èkejì ni iṣẹ́ tí kì í ṣe ti olùkọ́: akọ̀wé, olùṣírò owó, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, nọ́ọ̀sì, awakọ̀. Èyí ò béèrè Ph.D.

Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni pé kí wọ́n kéde àyè iṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn 2 tó kárí orílẹ̀-èdè, kí wọ́n sì fún àwọn èèyàn ní ọ̀sẹ̀ 6 láti kọ̀wé wá. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mówó wá lónìí kó má bàa bọ́, ẹ fura sí i.

Ph.D. ńkọ́? Lóòótọ́ wọ́n á máa pè é ní dókítà, àmọ́ kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́. Ìwádìí ló ń ṣe, bóyá lórí ohun tó ń jẹ́ kí gaàrí wa tètè bàjẹ́. Ó máa ń tó ọdún 3, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Jámánì àti Norway, wọ́n máa ń sanwó oṣù fún ọ̀pọ̀ wọn. Níbí, akẹ́kọ̀ọ́ ló sábà máa ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́, àfi tó bá rí ìrànlọ́wọ́. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé mú ibùdó kan ní FUNAAB, CEADESE, mọ́ àwọn tó fowó ràn lọ́wọ́ fún irú ẹ̀kọ́ yìí. Torí náà, kí ọmọ béèrè bóyá owó ìrànlọ́wọ́ wà kó tó gba fọ́ọ̀mù.

Owó fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ wà lóòótọ́, àmọ́ àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́ ló ń lọ, kì í ṣe àpò ẹnìkan. Owó "ẹ jẹ́ n bá a yín ṣe é" ni ká sá fún. Òfin ICPC ti ọdún 2000 ò dá ẹnikẹ́ni sí: ẹni tó gba rìbá àti ẹni tó fún un, àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi. Owó á lọ, iṣẹ́ ò ní sí, ẹjọ́ á tún wà ńlẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kó èrè ọjà sílẹ̀, ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè 3: Iṣẹ́ ni àbí ẹ̀kọ́? Ìwé ìròyìn wo ló ti rí i? Ta ló ń gba owó náà? Bí kò bá rí èyí dáhùn, ẹ so àpò yín le.

Ọjà á tà o. Àwọn ọmọ wa á ríṣẹ́ gidi ṣe.