Rédíò Ìpè Pàjáwìrì Lórí Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ ní Ìlú Ọba: Ìforúkọsílẹ̀ àti Ìlò Rẹ̀

Rédíò VHF tó ní ètò DSC nínú ni irinṣẹ́ pàtàkì tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ fi ń ké sí ẹ̀ṣọ́ etíkun Ìlú Ọba nígbà tí ewu bá dé lójú omi. Ohun tó fi yàtọ̀ sí rédíò ayé àtijọ́ ni pé kì í ṣe ohùn nìkan ló ń gbé. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ bọ́tìnì pupa ara rẹ̀, ìsọfúnni díjítà yóò jáde lórí ìkànnì 70 kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Ìsọfúnni náà ni nọ́ńbà ọkọ̀, ibi tí ọkọ̀ wà, agogo tó lù nígbà tó wà níbẹ̀, àti irú ewu tó ṣẹlẹ̀, bí awakọ̀ bá ráyè yàn án. Lọ́fíìsì ẹ̀ṣọ́ etíkun, aago ìkìlọ̀ yóò dún, gbogbo rẹ̀ yóò sì hàn lójú kọ̀ǹpútà. Aago kan náà yóò dún nínú àwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí tí wọ́n ní irú rédíò yìí. Fóònù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tí a pè ló ń gbọ́ ọ, nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ a sì máa pòórá bí ọkọ̀ bá ti jìnnà sí èbúté.

Síbẹ̀, rédíò tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú páálí kò tíì lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ó nílò nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ wà.

Nọ́ńbà MMSI

Ẹyọ mẹ́sàn-án ni nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní MMSI. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń sọ orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ti gbàwé. Láti 232 dé 235 ni ti Ìlú Ọba, 657 ni ti Nàìjíríà, 610 ni ti Benin, 671 sì ni ti Togo. Nọ́ńbà tó bá fi òdo méjì ṣáájú, ti ibùdó orí ilẹ̀ ni.

Ìṣọ́ra kan wà níhìn-ín tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Rédíò púpọ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tó rà á tẹ MMSI sínú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Bí ẹyọ kan bá ṣì, ó di ọ̀dọ̀ oníṣòwò tàbí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kí wọ́n tó lè tún un ṣe. Ohun tó dára ni kí ẹnì kan máa ka nọ́ńbà náà sókè láti inú ìwé àṣẹ, kí ẹlòmíràn máa fi wé ohun tó wà lójú rédíò, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí kékeré, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rédíò, nítorí wọn yóò tún ní láti fi ẹnu sọ ọ́.

Ìwé àṣẹ àti ìwé ẹ̀rí

Ofcom ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ rédíò ọkọ̀ ní Ìlú Ọba, lábẹ́ òfin Wireless Telegraphy Act ti ọdún 2006. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Oríṣi méjì ló wà. Èkíní, Ship Radio Licence, wà fún ọkọ̀ kan pàtó àti gbogbo irinṣẹ́ rédíò inú rẹ̀. Èkejì, Ship Portable Radio Licence, wà fún rédíò àfọwọ́mú tí ẹni tó ni ín ń gbé láti ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Inú ìwé àṣẹ ni MMSI ti ń wá, pa pọ̀ pẹ̀lú àmì ìpè bó bá jẹ́ ti ọkọ̀ kan pàtó. Ẹni tó bá ti ní ìwé àṣẹ láti ìgbà tó ń lo rédíò àtijọ́ kàn ní láti wọlé padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti béèrè MMSI ni.

Ohun tí wọ́n bá kọ sínú fọ́ọ̀mù ni ẹ̀ṣọ́ etíkun yóò rí nígbà tí nọ́ńbà bá yọ lójú kọ̀ǹpútà wọn lóru. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé kí wọ́n pè ní ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kì í bá wọn lọ sójú omi. Aya tàbí ọkọ tó máa ń wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ gbogbo kọ́ ni ìpè yìí yẹ kó lọ bá. Àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó mọ ìrìn wọn, tó sì máa ń gbé fóònù, ló bójú mu.

Ìwé àṣẹ kì í kú, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́wàá, kó sì tún un ṣe nígbàkúùgbà tí àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà fóònù bá yí padà.

Ìwé àṣẹ jẹ́ ti rédíò. Ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní SRC. Royal Yachting Association ló ń bójú tó ẹ̀kọ́ àti ìdánwò rẹ̀. Ẹni tí kò ní i lè lo rédíò bí ẹni tó ní i bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ bọ́tìnì náà, ọmọdé pàápàá.

Ibi tí ọkọ̀ wà

Àwọn rédíò mìíràn ní GPS nínú. Àwọn tó kù nílò wáyà láti ara GPS ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wáyà náà ń ṣiṣẹ́, kó wo ojú rédíò. Bí nọ́ńbà ipò ọkọ̀ àti agogo bá wà níbẹ̀, ó ti dára. Bí kò bá sí nǹkan kan, ìpè pàjáwìrì yóò jáde láìsọ ibi tí wọ́n ti ń pè. A lè fi ọwọ́ tẹ ipò ọkọ̀ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wákàtí mẹ́rin bá kọjá, rédíò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ pé ó ti pẹ́ jù.

Ìgbì VHF kì í tẹ̀, ìlà tààrà ló ń tọ̀. Eríàlì tó wà lórí òpó gíga máa ń dé ibi tó jìnnà ju rédíò àfọwọ́mú lọ dáadáa, pàápàá bí ẹni tó mú un bá ti wà nínú omi.

Nígbà tí ewu bá dé

Ìpè pàjáwìrì wà fún ìgbà tí ewu ńlá bá dojú kọ ọkọ̀ tàbí ènìyàn, tó sì nílò ìrànwọ́ lójú ẹsẹ̀: iná, omi tó ń wọlé, ènìyàn tó já sómi. Ẹ́ńjìnnì tó kú nígbà tí ojú ọjọ́ dára, tí ìdákọ̀ró sì dì mú, kò tíì dé ibẹ̀. Ìpè kánjúkánjú tí wọ́n ń pè ní Pan-Pan ló yẹ ìyẹn.

Ìdérí kékeré tó ní sípíríńgì ló máa ń bo bọ́tìnì pupa náà, kí ọwọ́ má baà ṣèèṣì kàn án. Ìdérí ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣí. Bí àyè bá wà, wọn á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọn á yan irú ewu láti inú àkọsílẹ̀ tó bá jáde, wọn á sì tún tẹ̀ ẹ́, wọn kò ní tú u sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, títí rédíò yóò fi dáhùn pé ìpè ti lọ. Bí kò bá sí àyè, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ṣinṣin lásán. Rédíò yóò máa tún ìpè náà ṣe ní bí ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin títí ẹnì kan yóò fi jẹ́ ẹ.

Bọ́tìnì nìkan kò tó. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yálà ẹ̀ṣọ́ etíkun ti dáhùn tàbí wọn kò tíì dáhùn, ohùn ló kàn, lórí ìkànnì 16, pẹ̀lú agbára wáàtì 25. Wọn á pe Mayday lẹ́ẹ̀mẹ́ta, orúkọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àmì ìpè àti MMSI. Wọn á tún pe Mayday àti orúkọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n tó sọ ipò ọkọ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀, ìrànwọ́ tí wọ́n ń fẹ́ àti iye ènìyàn tó wà nínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ “Over” ló ń parí rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ń jẹ́ orúkọ Yorùbá nílò sùúrù díẹ̀ sí i. Ẹ̀ṣọ́ tó wà ní Falmouth lè má mọ bí wọ́n ṣe ń pe Àyọ̀ká, nítorí náà kí wọ́n ṣà á fún un lẹ́tà lẹ́tà: Alfa, Yankee, Oscar, Kilo, Alfa.

Ọkọ̀ mìíràn tó bá gbọ́ aago kò gbọ́dọ̀ fi DSC jẹ́ ìpè náà. Kí wọ́n kọ ipò tó hàn sílẹ̀, kí wọ́n fetí sí ìkànnì 16, kí wọ́n sì fi ohùn ta á látaré bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn.

Ìpè tó ṣèèṣì jáde

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ọmọ tàbí àlejò tẹ bọ́tìnì fi ṣeré. Àṣìṣe ni kí wọ́n pa rédíò kí wọ́n sì dákẹ́, nítorí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti RNLI, ẹgbẹ́ agbẹ̀mílà ojú omi, lè ti máa sáré lọ wọ ọkọ̀ agbẹ̀mílà. Kí wọ́n pa á kó má baà tún ìpè ṣe, kí wọ́n tàn án padà, kí wọ́n lọ sórí ìkànnì 16, kí wọ́n pe gbogbo ibùdó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n sọ orúkọ ọkọ̀, àmì ìpè àti MMSI, kí wọ́n sì sọ pé àwọn fagi lé ìpè tó jáde ní agogo báyìí. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pe ìpè èké ló ń rú òfin. Ẹni tó fẹ́ dán rédíò wò kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú bọ́tìnì pupa. Kó fi DSC pe MMSI ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan.

Bí ọkọ̀ bá dé ọwọ́ ẹlòmíràn

Ìwé àṣẹ kì í bá ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ẹni náà gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀, àmọ́ MMSI dúró sórí ọkọ̀ náà níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lábẹ́ àsíá Ìlú Ọba. Bí ẹni tó tà á bá yọ rédíò lọ sínú ọkọ̀ mìíràn, oníṣòwò ni yóò bá a pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ onígbòkun funfun ni ẹ̀ṣọ́ etíkun yóò máa wá kiri nígbà tó jẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì aláwọ̀ búlúù ló ń rì. Bí ọkọ̀ bá bọ́ sábẹ́ àsíá orílẹ̀-èdè mìíràn, orílẹ̀-èdè yẹn ni yóò fún un ní nọ́ńbà tuntun.