Boerboel

Boerboel jẹ́ irú ajá ńlá kan tí ó ṣẹ̀ wá láti orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà. Iṣẹ́ ìṣọ́ ilé àti oko ni a mọ̀ ọ́n mọ́, ó sì wà lára àwọn ajá ilẹ̀ òkèèrè tí ó gbajúmọ̀ ní Nàìjíríà, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn onílé tí ń bẹ̀rù olè. Bí a bá tọ́ ọ dáadáa, ajá jẹ́jẹ́ ni láàárín ìdílé. Bí a kò bá tọ́ ọ, títóbi àti agbára rẹ̀ lè sọ ọ́ di ewu fún onílé àti àlejò.

Orúkọ àti ìtàn

Inú èdè Afrikaans ni orúkọ náà ti wá. "Boer" túmọ̀ sí àgbẹ̀. "Boel" sì jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń pe irú ajá ńlá olórí gbàǹgbà. Láti ìgbà tí àwọn ará Netherlands ti tẹ̀dó sí Cape ní ọdún 1652 ni àwọn àjèjì ti ń kó ajá ńlá láti Yúróòpù wá sí agbègbè náà. Ìdílé àgbẹ̀ tí aládùúgbò wọn jìnnà réré nílò ajá tí yóò lé àmọ̀tẹ́kùn àti ìkookò kúrò lára ẹran ọ̀sìn, tí yóò dá olè dúró, síbẹ̀ tí ọmọdé lè sùn tì. Àwọn ajá tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń jẹ́ kí ó bímọ, bẹ́ẹ̀ ni ìwà náà ṣe di àjogúnbá. Ní ọdún 1983 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olùsìn boerboel sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. American Kennel Club ní Amẹ́ríkà gbà á sínú ìwé wọn ní ọdún 2015.

Ìrísí

Orí boerboel tóbi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lágbára, àyà rẹ̀ gbòòrò, irun ara rẹ̀ sì kúrú, ó ń dán. Ó lè pupa bí erùpẹ̀, ó lè ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí kí ó ní ilà lára. Ojú ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń dúdú. Gíga akọ láti ilẹ̀ dé èjìká tó sẹ̀ǹtímítà 61 sí 69, ti abo sì jẹ́ 56 sí 64. Ìwọ̀n rẹ̀ lè tó kìlógíráàmù 70 sí 90, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abo máa ń fúyẹ́ ju akọ lọ. Ajá ìbílẹ̀ tí àwọn ọdẹ Yorùbá ń kó lọ sí igbó kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ rárá: ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá nílẹ̀.

Ìwà

Boerboel ní ìgboyà àti òye, ó sì fẹ́ràn àwọn ará ilé rẹ̀ púpọ̀. Kì í tètè gba àlejò, ó sì ka ọgbà ilé sí ìlú tirẹ̀. Ìṣọ́ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò nílò kí a kọ́ ọ láti rorò.

Àwọn kan gbàgbọ́ pé a gbọ́dọ̀ ti ajá mọ́lé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ó má sì mọ ẹnikẹ́ni, kí ó tó lè ṣọ́ ilé dáadáa. Òdìkejì ni òtítọ́. Ajá tí kò mọ ènìyàn ń bẹ̀rù ohun gbogbo, ìbẹ̀rù sì sábà máa ń mú ajá bunijẹ. Kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti ọmọdé tí ń lé bọ́ọ̀lù.

Èyí ṣe pàtàkì gan-an ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìlú bí Sekona ní agbègbè Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, ẹbí àti ará àdúgbò kì í ránṣẹ́ ṣáájú kí wọ́n tó wá kíni. Àlejò á ké "Àgò onílé o!", á sì ṣílẹ̀kùn wọlé. Bí boerboel bá wà ní títú sílẹ̀, àṣà rere yìí lè di jàǹbá. Nítorí náà, ó yẹ kí olówó ajá máa ti géètì, kí ó sì mọ ibi tí ajá wà kí ó tó dáhùn pé "Àgò yà".

Ìtọ́jú àti ìkọ́ni

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rìnlá ni ọmọ ajá máa ń tètè kọ́ bí a ṣe ń bá ènìyàn gbé. Ní àkókò yìí ni ó yẹ kí ó mọ ohùn ọmọdé, àgbàlagbà, ọ̀kadà àti ẹran mìíràn. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ láti jókòó, láti dúró àti láti wá nígbà tí a bá pè é, kí ó tó dàgbà ju ẹni tí ń fà á lọ. Àwọn àgbà sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ̀san jẹ́jẹ́ ló ń kọ́ boerboel. Lílù máa ń bà á jẹ́ ni.

Ó nílò òjìji, omi tútù àti àyè láti rìn. Ìrìn òwúrọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ó dára, nítorí oòrùn ọ̀sán lè pa ajá ńlá. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ó yẹ kí àgbàlagbà ajá jẹun, kí ó sì sinmi lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí ikùn ajá ńlá lè wú kí ó sì lọ́. Èbà tàbí àmàlà nìkan kò lè tó o; ó nílò ẹran, ẹja tàbí ẹyin. Ọbẹ̀ tí a fi àlùbọ́sà sè léwu fún un, eegun adìyẹ tí a sè sì lè fọ́ sí i nínú.

Àìsàn

Boerboel lè ní àbùkù oríkèé ìbàdí tàbí ti ìgúnwọ́, tí ó lè jẹ́ àjogúnbá. Kí ẹni tó ra ọmọ ajá, ó dára kí ó rí ìyá rẹ̀, kí ó sì wò ó bí ó ṣe ń rìn. Kò yẹ kí a jẹ́ kí ọmọ ajá sanra jù, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó máa fò láti ibi gíga. Lásìkò òjò, eégbọn máa ń gbé àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára fún parvovirus àti distemper máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, dókítà ẹranko yóò sì tún un fún un títí yóò fi pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún.

Dìgbòlugi àti ojúṣe olówó ajá

Àrùn dìgbòlugi ni ewu tó burú jùlọ. Ajá ló ń kó ohun tó tó ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àrùn yìí ran ènìyàn, bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn, ẹni tó ní in kì í sábà yè. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe é gbà láti ìgbà tí ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta, dókítà ẹranko ni yóò sì sọ ìgbà tí a óò tún un. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Kò yẹ kí wọ́n kàn pa ajá náà. Kí wọ́n tì í mọ́lé, kí dókítà ẹranko sì ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti ṣòfin lé boerboel lórí. Denmark kà á léèwọ̀ ní ọdún 2010. Níbi tí a ti fààyè gba á, ọgbà tó ga, ẹ̀wọ̀n tó lágbára, ìdínu lójú títì àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ni àwọn ohun tí olówó rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣàìní.