OMI ÀLÙWÀLÁ

 

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú àti ẹ̀yin òbí wa, ó wà nínú hádíìsì Anas, tí Bukhari àti Muslim gbà wá, pé mudu omi kan ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) fi ń ṣe àlùwàlá. Mudu kan ni ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a pa pọ̀. Kò tó lítà kan.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé garawa sábẹ́ ẹ̀rọ kí n tó ṣe àlùwàlá. N kò tíì kan ẹsẹ̀ tí garawa fi kún dé ìdajì. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ! Bí omi inú bútà bá tán, ó tán. Ẹ̀rọ kì í sọ pé ó tó.

Ṣùgbọ́n bí èmi nìkan bá ń ṣọ́ omi lò, ẹ̀rọ mọ́sálásí tó ń jò tọ̀sán tòru ńkọ́? Àwọn aládùúgbò ń ra omi, tiwa ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Ọ̀rọ̀ jámáà nìyẹn. Ní mọ́sálásí Istiqlal ní Jakarta, Indonesia, wọ́n fi ẹ̀rọ tí kì í tú omi púpọ̀ síbi àlùwàlá. Tiwa kò tíì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà inú ẹ̀rọ kò wọ́n. Kí àwọn òbí bá ìgbìmọ̀ mọ́sálásí sọ ọ́ lẹ́yìn Jímọ̀. Kí a bẹ Ìmáámù kí wọ́n fi í sínú wáàsí. Ẹ̀yin ọmọ, bútà wà lẹ́yìn kíláàsì.