Kọ́bọ̀, sísì, ṣílè: orúkọ kan, iye méjì

Kọ́bọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tí a yá láti inú orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe bàbà. Ẹni tó bá ń túmọ̀ ìwé àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọdún tí a kọ ọ́, nítorí iye kọ́bọ̀ yí padà ní ọdún 1973.

Owó ẹyọ ni àwọn Yorùbá ń ná kí owó Gẹ̀ẹ́sì tó gba ọjà. Wọ́n máa ń sín in ní ogójì-ogójì. Àádọ́ta irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000 ẹyọ. Orúkọ owó ẹyọ ń sọ iye rẹ̀. Ti owó Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa ṣe owó fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nínú ètò owó yìí, tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ 3, sísì jẹ́ kọ́bọ̀ 6, ṣílè jẹ́ kọ́bọ̀ 12, pọ́n-ùn sì jẹ́ ṣílè 20. Ọ̀nínì ló kéré jù: mẹ́wàá rẹ̀ ni kọ́bọ̀ kan.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Pọ́n-ùn kan di náírà 2, náírà kan sì jẹ́ kọ́bọ̀ 100. Pọ́n-ùn tó jẹ́ kọ́bọ̀ 240 tẹ́lẹ̀ wá di kọ́bọ̀ 200. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń pe kọ́bọ̀ 5 ní sísì, wọ́n sì ń pe kọ́bọ̀ 10 ní ṣílè.

Àpẹẹrẹ: “Ó jẹ mí ní ṣílè mẹ́wàá.” Bí ìwé náà bá ṣáájú ọdún 1973, gbèsè yìí jẹ́ kọ́bọ̀ 120 ti àtijọ́, èyí tó dọ́gba pẹ̀lú náírà kan. Ògbufọ̀ tó bá kà á sí kọ́bọ̀ 120 ti òde òní ti fi kọ́bọ̀ 20 lé gbèsè onígbèsè.

Ìlò àfiwé: nínú “kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́” tàbí “kò fún mi ní ọ̀nínì,” a kò ka iye kankan. Àìní pátápátá ni gbólóhùn méjèèjì ń sọ. Kí ògbufọ̀ má ṣe wá iye owó sí i.