Ìmúlò-Ọgbọ́n-Eré nínú Ìwé Kíkà lórí Ẹ̀rọ: Ìperí Mẹ́ta

Ní ọdún 2011, Sebastian Deterding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, gamification, ní oríkì kan: mímú àwọn ohun tí wọ́n fi ń ṣẹ̀dá eré lò níbi tí kì í ṣe ojú eré. Ìtumọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ni "ìsọdeeré". Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ iṣẹ́ di eré ti fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, èyí sì lòdì sí oríkì náà. "Ìdíje" pàápàá kò bá a mu, nítorí òǹkàwé lè dá kàwé láìbá ẹnikẹ́ni du ipò. "Ìmúlò-ọgbọ́n-eré" ni ó sún mọ́ oríkì náà jù: ọgbọ́n eré ni wọ́n yá lò, iṣẹ́ ṣì ń jẹ́ iṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣòro ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà ka ọjọ́. Láti ọdún 2019 ni Apple Books ti ń jẹ́ kí òǹkàwé yan iye ìṣẹ́jú tí yóò máa fi kàwé lójúmọ́. Ẹ̀rọ náà ń ka àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀ léra. Bí òǹkàwé bá pa ọjọ́ kan jẹ, kíkà náà yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ìpèníjà ọdọọdún tí Goodreads dá sílẹ̀ ní ọdún 2011. Níbẹ̀, òǹkàwé fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ iye ìwé tí òun yóò kà láàárín ọdún, ọjọ́ tí kò sì kàwé kò yọ ohunkóhun kúrò.

Ti Goodreads yìí jọ àjọ dídá. Ẹni tí kò rí owó fún alájọ lánàá kò pàdánù èyí tí ó ti dá níjẹta. Nítorí náà, "àjọ-ìwé" bá a mu. Ti Apple Books kì í ṣe àjọ, "àtẹ̀léra-ọjọ́" ni. Bí olùkọ́ bá pe méjèèjì ní orúkọ kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí àìsí iná mànàmáná já àtẹ̀léra rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ lè rò pé iṣẹ́ òun ti ṣòfò, kí ó sì pa ìwé dé.

Ìperí kẹta jẹ mọ́ ẹ̀bùn. Ní ọdún 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti fẹ́ràn àwòrán yíyà tẹ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣèlérí ìwé-ẹ̀yẹ fún kí wọ́n tó yàwòrán ni ìfẹ́ wọn sí i dínkù lẹ́yìn náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀yẹ náà bá lójijì. Èdè Yorùbá ti ya nǹkan méjèèjì yìí sọ́tọ̀: "ọ̀yà" ni alágbàṣe ń dúnàádúrà lé lórí kí ó tó ṣiṣẹ́, "ẹ̀yẹ" ni ó ń tẹ̀yìn iṣẹ́ wá.

Ó tọ́ kí àwọn atúmọ̀ èdè pa ìyàtọ̀ wọ̀nyí mọ́. Ẹni tí yóò bá ṣe ohun èlò ìkàwé fún àwọn ọmọ Yorùbá yóò mọ̀ nígbà náà bóyá ẹ̀yẹ ni òun ń fún wọn, tàbí ọ̀yà.